Bàtà Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Orúkọ tí àwọn òbí aránbàtà yìí sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé ní àdúgbò. Ókùdíẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi fa orúkọ náà. Bí oníbàárà bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó tó béèrè bóyá bàtà òun ti parí, ọkùnrin yìí á ti dáhùn láti ìdí iṣẹ́ pé ó ku díẹ̀. Bí bàtà náà bá wà níwájú rẹ̀ tó ń dán bí dígí, ó ṣì ku díẹ̀ náà ni. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, Ókùdíẹ̀ á ní kí áńgẹ́lì fìdí lé àga ná.

Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rán bàtà gidi gbọ́dọ̀ rẹ awọ sínú omi, kó fà á bo fọ́ọ̀mù, ìyẹn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ènìyàn, kó kàn án mọ́ ọn, kó sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tú u, awọ á súnkì, bàtà á sì fún olówó rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Òwe yìí ni Ókùdíẹ̀ fi ń jẹun. Ohun tí kò mọ̀ ni pé sùúrù pàápàá ní ibi tó ti máa ń ṣìnà.

Ti ìyàwó rẹ̀ yàtọ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ó sì máa ń kọ ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Tó bá ń rìn lójú ọ̀nà, wàá rò pé iná ló ń jó ilé rẹ̀. Ọpẹ́ kò sì wọ́n lẹ́nu obìnrin náà rárá. Bí òjò bá pa aṣọ tó sá, á dúpẹ́ pé atẹ́gùn kò gbé e lọ. Bí iná mànàmáná bá lọ, á dúpẹ́ pé ó ti se oúnjẹ tán kó tó lọ. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà pé tí eṣinṣin bá bọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀, yóò dúpẹ́ pé kì í ṣe aáyán. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á ní ṣé aáyán ló wá wu ọkọ òun ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, tí wọ́n fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn dàgbà, tí òun náà di olùkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá wà níwájú pátákó ìkọ̀wé nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú. Nígbà tí ilé ìwòsàn fi máa dá a padà sílé, apá ọ̀tún ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé e mọ́, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu obìnrin tó ń fi ẹnu jẹun. Ohun tó kù sí i lọ́fun ni orin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin o, ohùn rẹ̀ lásán. Á máa kùn ún bíi pé ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì kan kọ́ Ókùdíẹ̀ bí yóò ṣe máa tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Láràárọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, á fi ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sí i, á gbé e lé itan ara rẹ̀, á fi ìpara pa á, á sì máa fi ọwọ́ ra á láti gìgísẹ̀ dé orí ìka. Á tẹ̀ ẹ́ síwá, á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Kò fo ọjọ́ kan rí. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ọjọ́ iwájú, sí Ọjọ́ Ìsinmi kan tó ti yàn fúnra rẹ̀.

Nínú ìjọ wọn, Ọjọ́ Ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ oṣù ni ọjọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore á jáde síwájú, á sọ ọ́, ìjọ á sì bá a yọ̀. Ókùdíẹ̀ ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú, ó sì sọ fún pásítọ̀ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì rìn wọ ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ni òun yóò jáde dúpẹ́, kó tó dìgbà náà, ẹnu òun á wà ní dídì. Kò bínú sí Ọlọ́run. Lójú tirẹ̀, ọpẹ́ ìlàjì dà bíi bàtà tí wọ́n tú kúrò lórí fọ́ọ̀mù ní tútù, ìwọ̀sí ló jẹ́ fún ẹni tí wọ́n gbé e fún.

Ó wá rán bàtà ọjọ́ náà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá ti ilé ìwòsàn dé, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé páálí, ó fi pẹ́ńsùlù yí i ká, ó fi okùn wọn ọrùn ẹsẹ̀. Awọ dúdú tó rọ̀ ló fi rán an, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga, ó sì fi àtẹ́lẹ̀ tí kò ní yọ̀ sí i. Kò tíì rán bàtà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó gbé e sórí pẹpẹ tó kọjú sí ibùsùn ìyàwó rẹ̀ kó lè máa rí i, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lọ́jọ́ náà.

Oore bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi tó máa ń há ìyá lọ́nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mì lọ́wọ́ Ókùdíẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọmọ wọn sín ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ jẹ, bó ṣe ń gbé ikùn rìn, ìyá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rẹwà. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ọmọ á béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá kí àwọn jáde dúpẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ti mọ èsì rẹ̀. Bàbá á ní ó ku díẹ̀.

Pásítọ̀ wá kí wọn. Ó ní àga oníkẹ̀kẹ́ wà ní ilé ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ṣetán láti máa wá gbé ìyá láràárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹgbẹ́ akọrin ń fẹ́ kó wá jókòó láàárín wọn, kódà bí kò bá la ẹnu. Ókùdíẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Pásítọ̀ sún mọ́ ọn.

"Bàbá," ó ní, "Jésù dúpẹ́ létí ibojì nígbà tí òkú ṣì wà nínú rẹ̀."

"Òun mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, pásítọ̀. Èmi ò mọ̀."

Pásítọ̀ dìde. Ó gbàdúrà, ó sì lọ. Lórí ibùsùn, ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fẹ́.

Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan. Ọmọ rẹ̀ ti wẹ̀ fún un, ó ti fi ìpara pa á lára, agogo ìjọ sì ti ń dún lókèèrè. Ìyá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó na ìka sí bàtà orí pẹpẹ. Ó na án sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na án sí ẹnu ọ̀nà, sí apá ibi tí agogo ti ń dún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì kó má baà sí àṣìgbọ́. Ọmọ rẹ̀ ti dìde láti gbé bàtà náà. Ókùdíẹ̀ dá a dúró, ó sì jókòó sẹ́bàá ibùsùn.

"Ìyá Ọmọ, ó ku díẹ̀," ó ní. "Bàtà yẹn, ẹsẹ̀ tó ń rìn ni mo rán an fún. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ọ tí o ń rìn wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé wàá fẹ́ kí wọ́n máa tì ọ́ wọlé bí ẹrù?"

Ìyá wò ó. Ó gbé ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un lé orí ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ókùdíẹ̀ mi orí pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. Obìnrin náà yí ojú sí ògiri.

Ókùdíẹ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó lọ sí ìsìn, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn sì ń jáde síwájú láti dúpẹ́, ó ká ọwọ́ gbera. Inú ọkùnrin yìí a máa bí ènìyàn, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe ni, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí ju ire obìnrin yẹn lọ. Ìfẹ́ náà ló fi tì í mọ́lé.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Lọ́sàn-án kan, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè sọ̀rọ̀, ẹkún nìkan ló ń gbọ́. Ó fi òòlu sínú awọ bó ṣe wà, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré. Àìsàn náà ti padà wá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ilé ìwòsàn, dókítà mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ ṣe bòńkẹ́lẹ́. Ó ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, kó wọlé lọ jókòó tì í, kó sì bá a sọ ohun tó bá fẹ́ bá a sọ, torí ó ṣì ń gbọ́.

Ókùdíẹ̀ kò wọlé. Ó yí padà, ó jáde sí títì. Ọmọ rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú, ó ń pè é. Ilé ló lọ. Ó gbé bàtà lórí pẹpẹ, ó fi aṣọ nu eruku rẹ̀, ó sì tún sáré padà, àgbàlagbà tó gbé bàtà obìnrin mọ́ àyà lójú ọ̀nà, tí àwọn ènìyàn ń yà fún.

Ìyá la ojú nígbà tó wọlé. Ó rí bàtà náà, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ìyá Ọmọ, a fẹ́ lọ," Ókùdíẹ̀ ní. "Jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ fún ọ. Wọ́n á bá wa wá àga oníkẹ̀kẹ́, èmi fúnra mi ni màá tì ọ́."

Ó ká aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi bàtà ọ̀tún wọ̀ ọ́. Bó ṣe jáwọ́, bàtà yọ, ó bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e, ó tún un wọ̀, ó fa okùn rẹ̀ mọ́ ọn dé ihò tó kẹ́yìn. Bàtà tún yọ. Nígbà tó ń wọn ẹsẹ̀ yẹn sórí páálí, wíwú ló wú. Láti ìgbà náà, wíwú ti lọ, ẹran ti fà, ẹsẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́. Òun tó ń gbé e lé itan láràárọ̀, òun tó jẹ́ pé kò sí oníbàárà tí kì í tún ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n bó bá pẹ́, kò fìgbà kan rántí pé kó tún ti ìyàwó rẹ̀ wọ̀n. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

"Mi ò tún ẹsẹ̀ rẹ wọ̀n," ó ní. "Ojoojúmọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì wò ó."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì sunkún láìbo ojú. Ìyá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, tó ti wúwo gan-an, ó rá pálá títí ó fi dé orí ọkọ rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kejì tó máa ń kọ nínú ìjọ, láìsí ohùn àkọ́kọ́ tí yóò gbè é. Kò pẹ́ tó dákẹ́. Ókùdíẹ̀ ti bàtà sábẹ́ ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra á bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ẹsẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí obìnrin náà kú.

Ọmọ rẹ̀ béèrè bóyá kí àwọn fi bàtà náà sin ín. Ó ní rárá, bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu kò yẹ alààyè, kò sì yẹ òkú. Wọ́n sin ín láìwọ bàtà. Ìjọ kọrin, pásítọ̀ wàásù, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sunkún, àwọn ènìyàn sì tú ká lọ sílé wọn.

Ẹkún ìsìnkú kì í pa ènìyàn bí ẹkún ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ókùdíẹ̀ jí, ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó gbé e wọ yàrá, ó sì dúró síbẹ̀. Ibùsùn wà ní títẹ́. Ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó lé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, kò sí ohun tó wà láàárín wọn. Ó jókòó títí omi fi tutù. Ọmọ rẹ̀ bá a níbẹ̀, òun náà jókòó sórí ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí láràárọ̀ fún ìgbà díẹ̀, orí àpótí yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ń dì mú kiri, kì í sí nílé láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ kì í sì dúró sójú kan. Ìgbà tí àìsàn dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àpá kan wà lábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, àti pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn tó ń pè ní ìdúró, tó ń fẹ́ kí wọ́n kọjá kíákíá kí oore lè dé, àwọn gan-an ni oore náà. Ọlọ́run ti ń bù ú fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbà á bí ẹni gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kì í ṣe ìdúró ni àṣìṣe rẹ̀. Ó dúró dáadáa. Ọpẹ́ ló fi sílẹ̀ nígbà tó ń dúró. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé egungun, kò sì sí ẹni tó lè bá a mú un rọrùn.

Nígbà tí oṣù yí, ọjọ́ ìdúpẹ́ dé. Ókùdíẹ̀ dìde láàárín ìjọ, ó jáde síwájú. Àwọn ènìyàn rò pé ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣe ìsìnkú, ẹgbẹ́ akọrin sì ti ń wá orin tó yẹ. Pásítọ̀ fún un láàyè. Ó gbé ojú kúrò lára àwọn ènìyàn.

"Olúwa," ó ní, "ìyàwó mi mu omi lónìí, ó sì lọ geere. O ṣé."

Àwọn kan wo ara wọn.

"Olúwa, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù mì lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. O ṣé. Olúwa, ó rẹ́rìn-ín lónìí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. O ṣé."

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ó ń sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé ìgbà tí wọ́n ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń sọ wọ́n. Ó dúpẹ́ fún àpá tó wà lábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ fún ọwọ́ òsì. Ó dúpẹ́ pé obìnrin náà na ìka sí ẹnu ọ̀nà, pé ó ṣì ń fẹ́ wá sílé Ọlọ́run, ohùn rẹ̀ sì wó níbẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó máa ń jókòó ti ìyàwó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín, àwọn yòókù sì ń bá a ṣe é. Ọmọ rẹ̀ ti jáde wá dúró tì í. Ó dúpẹ́ dé ọjọ́ tó kẹ́yìn ní ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láàárọ̀ yìí," ó ní.

Gbogbo ènìyàn dúró dè é. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ lọ sí irùngbọ̀n, kò nù ún.

"Láàárọ̀ yìí, mo jí," ó ní. "Olúwa, o ṣé."

Ọmọ rẹ̀ mú un lápá, wọ́n sì padà lọ jókòó.